Aránṣọ Tó Kọ Ẹgbẹ́ Aránṣọ

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kì í rí ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó kó má dì í. Ọkọ rẹ̀ á máa jẹun lọ́wọ́, òun á ti máa fi àjákù aṣọ wé e lẹ́sẹ̀. Á ní, "Ẹ má mira, ẹsẹ̀ yín ti ṣẹ́."

Aránṣọ ni ní Ìfọ̀, kí òmìnira tó dé. Ẹgbẹ́ aláàánú kan láti òkè òkun dá ẹ̀ka sílẹ̀ nílùú wa nígbà náà. Àwọn kan ń ránṣọ fún aláìní, àwọn kan ń kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tó fara pa. Akọ̀wé ẹgbẹ́ náà fẹ́ kọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi mọ́ àwọn aránṣọ.

"Mo ń ránṣọ láti àárọ̀ dalẹ́, sà," ni ó wí. "Ẹ kọ mí mọ́ àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn."

"Ìwé òyìnbó la fi ń kọ́ ọ níbẹ̀, ìyá."

"Ojú ni n ó fi kọ́ ọ."

Wọ́n gbà á, ó sì ń ṣọ́ ọwọ́ olùkọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tó bá délé, á fi ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ dánra wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, alágbàárù kan já bọ́ láti orí ọkọ̀ ojú irin, ojúgun rẹ̀ sì ṣẹ́. Àwọn ọkùnrin fẹ́ gbé e dìde. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ó fi pákó méjì há ẹsẹ̀ náà láàárín, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì dì í pinpin.

Nígbà tí wọ́n gbé ọkùnrin náà dé ilé ìwòsàn ní Abẹ́òkúta, dókítà bi í pé nọ́ọ̀sì wo ló di ẹsẹ̀ yìí.

"Aránṣọ ni, sà. Ará Ìfọ̀ ni."

Ìròyìn náà dé Ìfọ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé pa ìwé òyìnbó dé, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú gbogbo ẹgbẹ́, ó ní, "Ẹ kọ́ wa, mà."