Fúnmi Gba Okùn Ẹṣin Lọ́wọ́ Mi, Wọ́n Ní Ó Fìdí Rẹmi

Bùkọ́lá ìyàwó ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni.

Fúnmi ọmọ mi fìdí rẹmi nínú ìdánwò lónìí nítorí pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé.

Iṣẹ́ kan ló ń kọ́ ní àdúgbò Choba. Wọ́n á fa ẹṣin lé èèyàn lọ́wọ́ pé kó fà á rìn, ohun tí ẹṣin bá ṣe ni onítọ̀hún á fi mọ irú ẹni tí òun jẹ́. Èmi ló mú lọ síbi ìdánwò bí oníbàárà.

Mo fa ẹṣin, ó dúró gbagidi. Òógùn bò mí.

Fúnmi sáré wá. "Ẹ mú un wá, Màámi." Ó gba okùn, ẹṣin tẹ̀ lé e.

Olùkọ́ rẹ̀ ní, "Fúnmi, why you carry Mama load? You don fail."

Mo ní, "Ṣé kó máa wò mí níran ni?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, kó máa wò mí, kó wá bi mí pé kí ni ẹṣin rán mi létí.

Apá tó ń ro mí ló rán mi létí!

Ọjọ́bọ̀ ni yóò tún ìdánwò náà ṣe, ìyẹn ló sì kẹ́yìn. Bó bá gba okùn, kò níṣẹ́. Bí kò bá gbà á, ta ló tọ́ ọ? Ẹ bá mi dá sí i, kò yé mi.

Bùkọ́lá, sọ fún Kúnlé ọkọ rẹ pé òun ló ń lọ fa ẹṣin lọ́jọ́bọ̀. Àbúrò Fúnmi ni. Fúnmi ò gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ rí.