Ọkọ́ Mi, Ọkọ Mi

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ ìyà etí, kó wá jókòó sídìí tábìlì mi lọ́jọ́ Sátidé. Ilé-ẹ̀kọ́ orin àdúgbò ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì. Yàrá mẹ́ta tí wọ́n ń kó ẹrù sí nígbà náà la ti ń kọ́ ènìyàn lórin báyìí. Ògiri wọn tín-ín-rín débi pé bí ẹni tó wà ní yàrá kìíní bá sín, ẹni tó wà ní yàrá kẹta ni yóò kí i ní pẹ̀lẹ́. Èmi ni mo ń ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń kọ orúkọ sínú ìwé. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè mí. Wọ́n tún ní ẹnu mi mú. Ẹnu mi mú lóòótọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Ọjọ́ tí bàbá kan tó ń mọlé, tí gbogbo wa wá ń pè ní Bíríkìlà, kọ́kọ́ wọlé, mo rò pé ògiri wa tó ń sán ló wá tún ṣe. Mo ní, "Ẹ gba ẹ̀yìn, ibẹ̀ ló ti sán jù."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Rárá o, ìyá. Dùùrù ni mo wá kọ́."

Ẹgbẹ́ mi ni, a ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Sìmẹ́ńtì ti jẹ èékánná rẹ̀ tán, ìka kan lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wọ́ nítorí búlọ́ọ̀kù tó já lé e nígbà èwe. Kí n má purọ́, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá, ìka yín yìí, eyín dùùrù méjì-méjì lẹ óò máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan o." Kò bínú rárá. Ó ní, "Orin kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kọ́. Bí mo bá ti mọ̀ ọ́n, n óò fi yín lọ́rùn sílẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ ló dá orin náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, bó bá ti gbọ́ ìró bàtà ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́, á ti máa kọ ọ́ bọ̀ láti ilé ìdáná:

Ọkọ mi, ọkọ mi, ṣé ẹ ti dé?
Omi ti gbóná, ẹ wá wẹ̀.
Sìmẹ́ńtì ti bo ojú yín,
Ẹ̀rín yín ni mo fẹ́ rí.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogójì ọdún ni ó fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù ú nídìí ààrò. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ sì lọ lẹ́nu rẹ̀ pátápátá. Ó ń gbọ́, ó ń fojú tẹ̀lé ènìyàn káàkiri yàrá, ṣùgbọ́n bó bá lanu, èémí lásán ló ń jáde. Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó ló sọ pé àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ ti lọ lẹ́nu wọn tí orin kò lọ. Ọmọbìnrin wọn wá ń kọ orin náà fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án, pàbó ló já sí. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà tán fún un, kí ló kù tí yóò sọ? Ohùn orin nìkan ni kí ẹ fún un, kó fúnra rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sí i." Bíríkìlà kò lè súfèé, eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti lọ, bó bá sì ní kóun kùn ún, ọ̀rọ̀ ló ń bọ́ jáde. Ló bá wá sọ́dọ̀ wa. Dókítà ò fi pa mọ́ fún un pé obìnrin náà kò ní pẹ́ lọ. Ohun tí ọkùnrin yìí ń wá nílé ayé ò ju kí ìyàwó rẹ̀ pe òun ní "ọkọ mi" lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ.

Tíṣà dùùrù wa kéré lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ ju tèmi lọ. Ó fi ohùn kan náà hàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta: re, re, re. Ọ-kọ-mi. Kí ló tún rọrùn ju ìyẹn lọ? Bíríkìlà tẹ re àkọ́kọ́, ìka rẹ̀ tó wọ́ bá yẹ̀ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ó di re, mí, re. Etí wo ni kò ní gbọ́ ọ? Ọkọ́ mi, ọkọ́ mi, ṣé ẹ ti dé?

Mo bú sẹ́rìn-ín nídìí tábìlì mi, mo kígbe wọlé pé, "Bàbá! Ta ló ń gbé omi gbígbóná kalẹ̀ fún ọkọ́? Ẹ ṣáà gbé e ti ògiri!" Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ kó má bàa rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún.

Àṣìṣe kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Bó bá ti tẹ ọkọ́, á kàn fipá sáré kọjá lọ sí ìparí orin, á tún bẹ̀rẹ̀, á tún tẹ ọkọ́. Tíṣà dá a dúró. Ó ní, "Bàbá, bí búlọ́ọ̀kù kan bá wọ́ nísàlẹ̀ ògiri, ṣé ẹ óò máa to ìyókù lé e lórí?"

"Ha! Ògiri ọ̀hún á wó pa onílé ni."

"Ibi tó bá ti wọ́ ni kí ẹ dúró sí nígbà náà. Ẹ má kọjá níbẹ̀. Ohùn mẹ́ta yẹn nìkan ni kí ẹ máa tẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí yóò fi tọ́ nígbà mẹ́wàá léra. Bí ìkẹsàn-án bá wọ́, ẹ tún un kà láti oókan. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nírọ̀lẹ́, lójoojúmọ́. Ó sàn ju kí ẹ fi gbogbo Sátidé jókòó síbí lọ."

Ṣùgbọ́n kí ló fẹ́ tẹ̀ nílé? A ní kíbọ́ọ̀dù kékeré kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó ń lò ó, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ó wá bá mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara lé tábìlì mi. Ó ní, "Ìyá Kọ́kọ́rọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi. N óò tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin."

Mo ní, "Òfin ni, bàbá. Ohun èlò kì í jáde nínú ọgbà."

Òfin wo? Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ síbì kankan. Èmi ni mo gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹnì kan gbé fèrè wa lọ tí kò dá a padà. Mo kàn fẹ́ràn kí n máa sọ pé òfin ni. Bíríkìlà ò jiyàn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ẹ gbọ́ o, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Ó lọ wá pákó kan, ó fi ṣọ́ọ̀kì ya eyín dùùrù sí i, funfun àti dúdú, ó gbé e sórí ẹsẹ̀, ó sì ń fi ṣe ohun tí Tíṣà ní kó ṣe láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyàwó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lọ́jọ́ Sátidé, bó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn ti ń dán gbinrin, ọkọ́ ni ọkọ́ ṣì ń jẹ́. Tíṣà ò mọ ohun tó fà á. Ó ní kó gbé pákó náà wá. Nígbà tó fi rúlà wọ̀n ọ́n, ó rí i. Ojú lásán ni Bíríkìlà fi ya á, bó ṣe máa ń fojú wọn ògiri, eyín re sì fẹjú ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ìka tó wọ́ yẹn bá yẹ̀, orí re náà ló ṣì wà lórí pákó, ṣùgbọ́n orí mí ló ń bọ́ sí lórí dùùrù. Pákó kì í dún. Ó ti tẹ ọkọ́ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, ó rò pé ọkọ ni.

Tíṣà ò bá mi wí. Ó kàn wo kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó wò mí. Ojú gbà mí tì, ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé. Mo mú kọ́kọ́rọ́, mo gbé kíbọ́ọ̀dù náà jáde, mo gbé e lé èjìká fúnra mi, mo sì tẹ̀ lé Bíríkìlà dé ilé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an.

Yàrá náà mọ́. Ọmọ wọn obìnrin ń fi ṣíbí bu omi sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu. Obìnrin tí mo rí lórí ibùsùn ò ju ìwọ̀n ìrọ̀rí rẹ̀ lọ mọ́, ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́. Bíríkìlà gbé kíbọ́ọ̀dù sórí àpótí, ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó tẹ̀ ẹ́.

Re, mí, re. Re, mí, re.

Ọkọ́ mi, ọkọ́ mi. Mo di ojú. Ó rántí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ibi tó wọ́ ló dúró sí. Kò kọjá níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó sì tẹrí ba bí ẹni tó ti ba nǹkan jẹ́.

Nígbà náà la gbọ́ ìró kan láti orí ibùsùn. Ẹ̀rín ni. Apá kan ẹnu obìnrin náà ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín ọkọ rẹ̀. Ó wá lanu, ó jà á, ó jà á, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Ó ní, "Ọ… ọkọ." Ó mí. "Ọkọ mi."

Re, re, re. Ó tọ́ bí okùn tí bíríkìlà ta.

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ ọmọ wọn. Bíríkìlà kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Èmi nìyí. Mo ti dé. Mo ti dé o." Bóyá àṣìṣe rẹ̀ ni obìnrin náà ń tún ṣe ni o, bóyá ó ń pè é ni, mi ò mọ̀. Mo bi Bíríkìlà léèrè nígbà tó yá, òun náà ò mọ̀.

Sátidé nìyẹn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àrùn náà tún kọ lu obìnrin náà, ó sì kú kí nọ́ọ̀sì tó dé.

Mo lọ kí Bíríkìlà. Mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," mo sì bú sẹ́kún. Èmi, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tí ẹnu rẹ̀ mú! Ká ní mo ti gbé kíbọ́ọ̀dù náà fún un ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ bẹ̀ mí ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọn ì bá fi jọ kọ orin yẹn. Ọ̀rọ̀ méjì ni mo jẹ́ kí wọ́n rí gbà. Mo sọ ọ́ fún un ní tààrà. Ó ní kí n má sunkún, pé ọ̀rọ̀ méjì lòun náà tọrọ. Ìyẹn ò tù mí nínú. Títí di òní kò tíì tù mí nínú.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ló gbé kíbọ́ọ̀dù padà, ó ti nù ún mọ́ tónítóní. Mo ní kó máa lò ó lọ. Ó ní rárá, ilé ti dákẹ́ jù, kí n jẹ́ kí òun máa wá lo yàrá kẹta. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, mi ò ṣe irú ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

Gbogbo orin náà ti yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ báyìí. Àfi ibì kan. Mo fẹjọ́ sun Tíṣà, mo ní, "Ẹ ò tíì tún ọkọ́ yẹn ṣe fún bàbá yìí síbẹ̀?"

Tíṣà mi orí. Ó ní, "Ó mọ̀ ọ́n, Ìyá. Bí mo bá jókòó tì í, á tẹ̀ ẹ́ kó tọ́ nígbà ogún. Ìgbà tó bá ku òun nìkan ló ń tẹ ọkọ́."

Mo lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá kẹta ní Sátidé tó kọjá. Re, mí, re. Re, mí, re. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó yí ojú sápá ọ̀tún, níbi tí ibùsùn ìyàwó rẹ̀ máa ń wà sí i nílé, ó sì ń dúró. Ẹnu ń yún mi kí n bá a tún un ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohùn tèmi ló ń retí. Mo di kọ́kọ́rọ́ mi mọ́wọ́ kó má bàa dún. Ó dúró pẹ́, lẹ́yìn náà ó tún tẹ ọkọ́.