Ààrò Tó Kù Lóko

Ọmọbìnrin mi pè mí láti Riverdale, ìlú tó ń gbé. "Dádì, ta ló kọ́kọ́ dá oko ìdílé wa? Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ." Mo dárúkọ bàbá tó bí bàbá àgbà mi. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, òórùn koríko tí aládùúgbò mi ń gé gba ojú fèrèsé wọlé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni koríko ń rùn lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá àgbà mú mi lọ sóko yẹn. Ahéré ti wó. Òkúta ààrò mẹ́ta ló kù, èéfín ṣì dúdú lára wọn. Bàbá àgbà fi àdá gé koríko kúrò lẹ́bàá wọn, ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ilé o."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ṣé òkúta lẹ ń kí ni?"

"Wèrè ọmọ! Ẹni tó dá oko yìí ni mò ń kí."

"Ẹ ní bàbá yín ni!"

"Bàbá mi ṣán igbó. Ta ló ń bọ́ ọ? Nígbà tí ìyá mi kú, bàbá mi kọ́ ahéré míì, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni hú ààrò yìí."

"Kí lorúkọ wọn?"

"Ta ló ń pe ìyá ẹ̀ lórúkọ?"

Nílé ìdáná mi níbí, ìkòkò ọbẹ̀ ìyàwó mi ṣì wà lórí sítóòfù láti ọjọ́ tó ti kú. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e.

Mo pe ọmọ mi padà. "Kọ ìyàwó bàbá tí mo dárúkọ yẹn ṣáájú."

"Kí lorúkọ wọn, Dádì?"

"A ò mọ̀ ọ́n."

Mo ní kó kọ orúkọ ìyá tirẹ̀ náà sílẹ̀, toríkì-toríkì. Mo ń pè é fún un díẹ̀díẹ̀, kó má baà ṣì í kọ.