Àbẹ̀kẹ́ Onílẹ̀kùn Méjì

Láníkẹ́ aránṣọ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyàwó Fákáyọ̀dé sọ̀fíọ̀ tó ń wọnlẹ̀. Ilé wọn wà lójú ọ̀nà Inísà, bí èèyàn bá ti ń jáde ní Ìkìrun, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàrin wa. Bí wọ́n bá húkọ́ lọ́hùn-ún, a ó gbọ́ níhìn-ín. Púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ló ṣojú mi. Èyí tí kò ṣojú mi, ẹnu Akeem mẹkáníìkì ni mo ti gbọ́ ọ, Akeem kì í sì í parọ́, àfi tó bá kan ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò ṣe tán.

Fákáyọ̀dé ní ọkọ̀ eré-ìje kan, onílẹ̀kùn méjì, pupa fòò, tó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sínú rẹ̀ á rò pé òun ń fi ìdí wọ́lẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílé ló ti rà á l'Ékòó nígbà èwe rẹ̀. Ó kọ́ ibùdó ọkọ̀ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé kó tó rẹ́ ògiri yàrá tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Láràárọ̀, yóò fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ara ọkọ̀ náà, yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò wo ọ́ìlì, yóò wo omi, yóò tú àwọn púlọ́ọ̀gì, yóò fi epo bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, òun nìkan á wà á dé Òkúkù, á sì wà á padà wálé. Àbẹ̀kẹ́ ló sọ ọ́. "Àbẹ̀kẹ́ mi, ṣé o sùn dáadáa?" A máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri. Ìyàwó rẹ̀ kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bí Láníkẹ́ bá ru ẹrù aṣọ lọ sí ọjà Inísà, tí ọkọ rẹ̀ bá a lójú ọ̀nà, yóò tẹ fèrè fún un kó yà, yóò sì kọjá.

Oyún àkọ́kọ́ Láníkẹ́ pé oṣù rẹ̀ nígbà òjò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, omi rẹ̀ dà. Ó di òpó ibùdó ọkọ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé mi dé ọsibítù."

Fákáyọ̀dé wo ìró rẹ̀ tó ti tutù, ó wo inú ọkọ̀.

"Láníkẹ́, awọ ni ìjókòó yìí. Omi yẹn ò ní í kúrò lára rẹ̀ mọ́ láéláé. Fara dà á, kí n lọ wá takisí."

Ó mú agbòjò, ó fẹsẹ̀ rìn lọ. Òjò ti lé àwọn onítakisí wọlé. Nígbà tó máa fi rí ọ̀kan mú bọ̀, ọmọ ti wáyé lórí sìmẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ọkùnrin ni. Kò ké. Ìyá mi ló fi aṣọ wé e kí wọ́n tó sin ín. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Fákáyọ̀dé ń nu òjò kúrò lára ọkọ̀.

Láníkẹ́ kò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí. Ó tún lóyún, ó bí obìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Ìrètí. Ó ń se oúnjẹ, ó ń ránṣọ ilé-ìwé fún àwọn ọmọ aládùúgbò, ó ń kí ọkọ rẹ̀ káàárọ̀. Ìrètí kàwé, ó di apoògùn ní Ìbàdàn. Fákáyọ̀dé fẹ̀yìn tì. Ọkọ̀ náà gbó, àmọ́ ó ń dán.

Ibi tí Fákáyọ̀dé ti bẹ̀rẹ̀ sínú bọ́nẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ kan ni àrùn ẹ̀gbà ti kì í mọ́lẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kú. Ọ̀rọ̀ lọ lẹ́nu rẹ̀, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo: "Bẹ́ẹ̀ni." Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ pé, ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí a ń sọ. Bí ebi bá ń pa á, bẹ́ẹ̀ni. Bí ẹ̀fọn bá ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ni. Bó bá sì fẹ́ sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ni náà ni yóò jáde, yóò wá máa mi orí kíkankíkan bí ẹni tó fẹ́ fà á padà sọ́fun.

Kò pẹ́ tí Láníkẹ́ fi mọ èyí.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó tọ́jú ọkùnrin náà. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, egbò kankan kò yọ sí i lẹ́yìn. Láràárọ̀ yóò gbé e sórí àga ní fàráǹdà, yóò kọ ojú rẹ̀ sí ibùdó ọkọ̀. Àwọn ìyá ìjọ ní kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọ wọn ní irú aya bẹ́ẹ̀.

Ó wá ránṣẹ́ pe Akeem.

"Ìyá, wọ́n ní ẹ ń pè mí."

"Mo fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà. Èyí ni mo fẹ́ fi kọ́ ọ."

Akeem wo bàbá lórí àga. "Ṣé Bàbá gbà?"

Láníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ rẹ̀ létí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ìyàwó tuntun. "Bàbá Ìrètí, ṣé kí n máa wa Àbẹ̀kẹ́?"

Iṣan yọ lọ́rùn Fákáyọ̀dé. Ó mi orí, ó mi orí, ọwọ́ òsì ń lu apá àga. "Bẹ́ẹ̀ni," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ni! Bẹ́ẹ̀ni!"

"O ti gbọ́," Láníkẹ́ ní.

Akeem rí orí tó ń mì, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Ṣùgbọ́n láti kékeré ló ti ń wù ú láti fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yẹn, bàbá kò sì gbà fún un rí. Ó gba kọ́kọ́rọ́.

Jíà ké, jíà han. Láníkẹ́ fi ìdí ọkọ̀ gbá òpó, iná ẹ̀yìn fọ́. Gbogbo rẹ̀ ṣojú ẹni tó wà lórí àga. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ láti ìgbà èwe kì í pẹ́ mọ kílọ́ọ̀ṣì. Kò pẹ́ tó fi ń wakọ̀ lọ sí Inísà, tó fi ń dé Òkúkù, tó fi ń já sí Ìgbàyè lọ ra iṣu. Akeem kọ́ ọ ní púlọ́ọ̀gì fífọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń tún kábúrétọ̀ ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ni pé ọkọ̀ náà dùn mọ́ ọn. Mo bá a lọ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a kọjá Inísà tí ọ̀nà là, ó tẹ iná mọ́ ọn, atẹ́gùn já gèlè rẹ̀ sẹ́yìn, ó bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ̀ pé eyín rẹ̀ funfun tó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ó gbé ewúrẹ́ sínú rẹ̀ bọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu kí òórùn lè dé fàráǹdà.

"Ó tọ̀ sórí awọ, Bàbá Ìrètí. Ṣé kò burú?"

"Bẹ́ẹ̀ni." Omijé ń ṣàn.

"Ṣé kí n kúkú ya awọ náà dànù?"

"Bẹ́ẹ̀ni. Bẹ́ẹ̀ni."

Ó mú àlùmọ́gàjí aṣọ rẹ̀, ó ya awọ náà lójú ọkọ rẹ̀, ó sì fi àjákù aṣọ ilé-ìwé rán ìbòrí míràn sí i, aláwọ̀ ewé, tó rí wúruwùru lára ọkọ̀ pupa.

Ìrètí dé láti Ìbàdàn fún ìsinmi Àjíǹde. Ó wo inú ọkọ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó gbọ́ ìbéèrè kan, ó gbọ́ ìdáhùn.

"Mọ́mì, wọn ò gbà o! Ẹ ò rí orí wọn ni?"

"Mo rí i."

"Ẹ rí i? Ẹ wá ń bi wọ́n?"

Ìgbà yẹn ni Láníkẹ́ sọ ti òjò, ti awọ àti ti ọmọ orí sìmẹ́ńtì. Kò pariwo. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rán ọrùn aṣọ lọ. Ìrètí kò mọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Dádì, ṣé òótọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ni," Fákáyọ̀dé ní. Kò mi orí.

Ìrètí sunkún títí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó gbé bàbá jáde nínú ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré, kó tún rí Òkúkù. Láníkẹ́ ro ọ̀rọ̀ náà. Ó wọ aṣọ mímọ́ fún ọkọ rẹ̀, ó fi ìpara sí i lójú, òun àti Akeem gbé e jókòó síwájú, ó sì fi bẹ́líìtì ọkọ̀ dè é. Ó sọ fún mi nígbà tó yá pé nígbà tí àwọn kọjá Inísà, ọkàn òun ti ń rọ̀. Ó ń ṣe òun bíi pé kí òun dá ọkọ̀ dúró, kí òun sọ pé ó tó.

Fákáyọ̀dé ń gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ìlàjì ẹnu rẹ̀ tó ṣì yè rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ òsì, ó kọjá itan ìyàwó rẹ̀ láìkàn án, ó gbé e lé ara ọkọ̀ níbi tí àwọn aago wà, ó rọra ń fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Bẹ́ẹ̀ni," ó ní, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ni, bẹ́ẹ̀ni."

Láníkẹ́ ṣẹ́rí padà kí wọ́n tó dé Òkúkù.

Ìrètí ti padà sí Ìbàdàn nígbà tí àwọn tó ń ra irin àlòkù dé, àwọn tàwọn gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin. Láníkẹ́ ló pè wọ́n. Akeem bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí irú ọkọ̀ yìí mọ́ láti ibí dé Òṣogbo. "Ìyá, ẹ̀yin gan-an fẹ́ràn rẹ̀!"

"Mo fẹ́ràn rẹ̀," Láníkẹ́ ní. "Ẹ gé e."

Kò bi ọkọ rẹ̀ ní ìbéèrè kankan lọ́jọ́ náà. Ó kàn yí àga rẹ̀ kó lè rí i dáadáa. Wọ́n gé òrùlé, wọ́n gé ilẹ̀kùn, wọ́n jó o sí wẹ́wẹ́, wọ́n kó o sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹyọ ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu Fákáyọ̀dé kò jáde mọ́. Láníkẹ́ náà rù. Ó di ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sọ́jà, ẹrù aṣọ ní àyà rẹ̀.

Òpin òjò ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá kú, láìní egbò kan lára. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ dìde níbi ìsìnkú, wọ́n ní àwọn kò rí obìnrin tó tọ́jú ọkọ tó báyìí rí. Láníkẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìrètí gbọ́ ọ, ó wo ilẹ̀, ó sì wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn kí wọ́n tó pín oúnjẹ.

Obìnrin kan tó ń lọ ata ti gba ibùdó ọkọ̀ yẹn báyìí. Bó bá ti fa ẹ̀rọ rẹ̀ láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi ti ọkọ̀, Láníkẹ́ á gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ kúrò ní fàráǹdà, á gbé e wọ yàrá, á sì ti fèrèsé.