Kayé Basile Onílẹ́tà

Èmi Ràúdátù kì í tètè yanu sí nǹkan. Sakété níbí ni wọ́n bí mi sí, ìdí igbá aṣọ ni mo sì dàgbà sí. Ẹni tó bá ta aṣọ fún ọgbọ̀n ọdún, oríṣiríṣi èèyàn ló ti rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní àgbàlá kọmándà, òyìnbó Faransé tó ń ṣàkóso wa, lọ́dún tí ogun Jámánì ẹlẹ́ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀, bí mo bá rántí rẹ̀ títí dòní, ara mi á bù máṣọ.

Basile ni orúkọ ọkùnrin náà. Ará Pobè ni, níbi tó ti ń wọn ẹyìn ní oko ọ̀pẹ ìjọba. Nígbà èwe rẹ̀, bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Tógò, ó sì fi í sílé ìwé àwọn Jámánì, torí àwọn ló ni Tógò nígbà náà. Olùkọ́ rẹ̀ tó jẹ́ Jámánì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Olùkọ́ yìí sọ fún un pé Gẹ̀ẹ́sì máa ń da àwọn ará ìlú òun láàmú, nítorí pé lẹ́tà kan ṣoṣo lè dúró fún ohun mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ kan náà á sì ní ìtumọ̀ bíi mẹ́ta, mẹ́rin. Ó fún Basile ní ìwé kayé kan. Ó ní, "Gbogbo èyí tí o bá rí, kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Jámánì síbẹ̀. Bí mo bá dé, màá yẹ̀ ẹ́ wò." Olùkọ́ wọkọ̀ òkun lọ sílé. Kò pẹ́ sí i ni ogun àkọ́kọ́ bẹ́, wọ́n sì lé àwọn Jámánì kúrò ní Tógò. Basile padà sí Pobè, kayé wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló fi ń kọ ọ́. Olùkọ́ kò dé, kò sì ránṣẹ́.

Bí ọjọ́ ọjà bá kò, Basile á fẹsẹ̀ rìn wá sí Sakété. Kò ní ra nǹkan kan. Á kàn máa yẹ ìdí abọ́ wò, á máa yí ọrùn ẹ̀wù sóde, á máa wá lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lára gbogbo ohun tó bá ti Èkó wá. Onílẹ́tà la sọ ọ́. Èmi gan-an ni aṣáájú àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màá ní, "Onílẹ́tà, lẹ́tà wo nìyàwó rẹ bí lánàá?" Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ kú ọjà o, Ìyá Múdàṣírù." Kò bínú rí, àìbínú rẹ̀ yẹn ló sì máa ń bí mi nínú.

Lọ́jọ́ kan, ó yà sílé mi. Ọkọ mi, Súbérù, ti kú nígbà náà. Ó ti ra bàtà tuntun kan ní Èkó tó fẹ́ wọ̀ lọ́dún Iléyá, ikú kò jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Bàtà náà wà lórí àpótí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Basile tọrọ ààyè kó wo inú rẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ó fohùn pẹ̀lẹ́ bèèrè, ǹ bá lé e síta.

Ó fi lẹ́tà L tó wà nínú bàtà òsì hàn mí. Ó ní L yìí, òsì ló ń jẹ́. Bí ó bá wà lọ́rùn síńgílẹ́ẹ̀tì, ńlá ló ń jẹ́. Bí wọ́n bá fi ilà dábùú rẹ̀ lórí owó Gẹ̀ẹ́sì, pọ́n-ùn ni.

Mo ní, "Báwo lo ṣe ń mọ èyí tó jẹ́?"

"Ibi tó bá jókòó sí ni mò ń wò, Ìyá Múdàṣírù. Ohun tí mi ò bá fojú rí, mi ò ní sọ pé mo mọ̀ ọ́n."

Ó bèèrè orúkọ olóògbé, mo sọ ọ́ fún un. Mo ṣebí ó kàn ń bá mi kẹ́dùn ni.

Ogun kejì dé. Aláròká kan lọ sọ fún ìjọba pé ọkùnrin kan ní Pobè, nítòsí ààlà Gẹ̀ẹ́sì, ń kọ̀wé Jámánì. Wọ́n mú un wá sí Sakété tòun ti kayé. Kọmándà, tó gbọ́ Jámánì díẹ̀, ṣí i: lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kan lókè, ọ̀rọ̀ Jámánì jànrànjànràn nísàlẹ̀. Kí lèèyàn máa rò? Àṣírí amí ni. Ẹni tí wọ́n bá sì mú fún amí nígbà ogun, ìbọn ni.

Ohun kan ṣoṣo ni Basile sọ fún ògbufọ̀. "Orúkọ ẹni tó fi nǹkan hàn mí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pè wọ́n."

Kọmándà fún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n lu agogo káàkiri pé ẹni tó bá mọ̀ pé òun fi nǹkan han Basile rí kó gbé e wá. Ọmọ mi Múdàṣírù ní, "Ìyá, ẹ má lọ o! Orúkọ wà nínú ìwé Jámánì, ẹ wá fẹ́ fẹsẹ̀ ara yín rìn lọ fi ara yín hàn?" Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé bàtà náà tí mo tún gbé e padà sórí àpótí. Nígbà tó yá, mo fi ìborùn bò ó, mo ní ẹ̀yìn pátápátá ni màá dúró sí.

Àwọn gádì nìkan ni mo rò pé màá bá níbẹ̀. Áà! Ẹsẹ̀ kò gbèrò. Wọ́n ti Pobè wá, wọ́n ti Towé àti Ìta-Ìjẹ̀bú wá, kò sì sẹ́ni tó wá lọ́wọ́ òfìfo.

Ibi tó bá wu kọmándà ló ń ṣí. Ó pe "C, kalt", ìyẹn tútù. Séverin, tó ń se oúnjẹ fún òyìnbó kan ní Pobè, yọ ẹnu ẹ̀rọ omi Èkó tí wọ́n kọ C sí lórí jáde lápò. Ó ti tú u lára ògiri balùwẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, omi sì ń ya lọ lọ́hùn-ún! Ó pe "L, groß", ìyẹn ńlá. Èjìdé aránṣọ na síńgílẹ́ẹ̀tì sókè. Ó dórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, sípíríìngì. Ìtumọ̀ mẹ́ta ni Basile kọ sí i. "Feder." Berthe gbé wáyà wíwé tó tú lára bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sókè. "Quelle." Bàbá àgbẹ̀ kan, Èṣùbíyìí, jáde síwájú. Ó ti ru akèrègbè omi láti Towé wá, láti orísun tó ń sun nínú oko rẹ̀. Ó da díẹ̀ sí kọmándà lọ́wọ́. Omi náà ṣì mọ́ gaara. Omijé lé ròrò sójú mi.

"Frühling." Kò sí orúkọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọmándà bi í pé kí ló dé.

Basile ní, "Ìgbà tí òtútù bá kásẹ̀ nílẹ̀ nílùú yín ni, tí igi tún ń rúwé. Kò sẹ́ni tó rí i rí níhìn-ín. Mi ò lè purọ́ orúkọ mọ́ ọn."

Òyìnbó náà tẹjú mọ́ ibi òfìfo yẹn. Lẹ́yìn náà ó ṣí ojú ewé mìíràn. "L, links", ìyẹn òsì. Ògbufọ̀ ka orúkọ sókè: "Súbérù, ọkọ Ràúdátù, Sakété."

Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mi ò ti gbọ́ kẹ́nikẹ́ni pe orúkọ ọkọ mi sókè láwùjọ. Mi ò mọ ìgbà tí mo dé iwájú. Mo gbé bàtà náà sókè, mò ń sunkún bí ọmọdé.

Wọ́n tú Basile sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kọmándà ní ìwé Jámánì kò lè wà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà ogun. Ó fi kayé ránṣẹ́ sí Porto-Novo, a kò sì rí i mọ́. Basile dúpẹ́, ó jáde. Apá rẹ̀ ṣì fún mọ́ ìhà bí ẹni tó há nǹkan mọ́ abíyá.

Ní ọjọ́ kejì, mo ra kayé tuntun, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Pobè. Mo bá a tó jókòó, tó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo gbé kayé ka iwájú rẹ̀, mo gbé bàtà òsì lé e. Mo ní, "Onílẹ́tà, ọ̀dọ̀ ọkọ mi ni o ti máa bẹ̀rẹ̀."

Kó tó rí gègé mú, Èṣùbíyìí ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú akèrègbè rẹ̀.