Labalábá Inú Oko Ọsàn

N kò lè gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí èmi àti tíṣà wa rí labalábá kan ní Fìdítì, ní ọdún tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún ọ̀nà.

Inú oko ọsàn olóko kan ni ó wà, ó bà lé ọsàn jíjẹrà kan nílẹ̀. A lóṣòó tì í. Tíṣà sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Wo ìlà aláró lára ìyẹ́ rẹ̀. Wo ìrù méjì méjì nídìí rẹ̀. Èyí tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn!"

Ẹnìkan kí wa láti ẹ̀yìn: "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Ta ni yóò dáhùn, kí labalábá fò lọ? Ó tún kí wa. A tún dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a bá kí nínú oko tí kò dáhùn, olè ni. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, Baba olóko ti na àdá sókè.

"Ẹ̀yin olè ọsàn!"

Mo figbe ta. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, tíṣà ni mí! Labalábá là ń wò!"

Baba wo labalábá náà. Kò tilẹ̀ mira; omi ọsàn tó ti kan ń pa á bí ẹmu. Àdá wálẹ̀, ọkàn mi náà wálẹ̀. Baba lóṣòó tì wá.

Kò pẹ́, obìnrin kan tó ń kọjá lọ kí wa: "Ẹ kú iṣẹ́ o!"

Mo fẹ́ dáhùn. Baba fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu.