Onígun-Mẹ́ta Tí Mo Yà Síta

Ẹ má fi ọwọ́ ìkọ̀wé mi rẹ́rìn-ín o. Ìwé méjì péré ni mo kà kí n tó jókòó ti bàbá mi, tí mò ń bá wọn ká òwú ní Ìsẹ́yìn. Mo ti dàgbà kí n tó padà sí kíláàsì àwọn àgbà. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Ìṣirò tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà. Tíṣà wa ya róbótó ńlá kan sí bọ́ọ̀dù, ó ní sẹ́ẹ̀tì ni, ìyẹn agbo àwọn nǹkan tó jọra. Gbogbo onígun-mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjì, ó kéré tán, bá dọ́gba ló wà níbẹ̀. Ó wá ní ká ya róbótó àwọn tí ẹ̀gbẹ́ wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba síbi tó yẹ. Ẹni tí kò bá rí i ṣe títí di ọjọ́ Ẹtì kò ní gòkè sí kíláàsì tó kàn. Bàbá mi sì ti sọ ọ́: bí mo bá fìdí rẹmi, ìdí òwú ni mo ń padà sí!

Kí ni mo ṣe? Mo ya tèmi síta, jìnnà réré! Ṣebí bí a ṣe ń to aṣọ nílé wa nìyẹn: ẹtù lọ́tọ̀, sányán lọ́tọ̀, àlàárì lọ́tọ̀.

Tíṣà fi bírò pupa fa igi sí i. Sàláwà tó jókòó tì mí yọjú wò ó.

"Àṣàkẹ́, o ti lé ọmọ jáde nílé bàbá ẹ̀!"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo pa ìwé mi dé. Báwo ni èyí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dọ́gba ṣe máa wà láàárín àwọn tí ẹ̀gbẹ́ wọn méjì dọ́gba?

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, mò ń to aṣọ. Mo yọ àwọn ẹtù tí bàbá so òwú pupa mọ́, aṣọ ìyàwó, mo kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Bàbá pariwo pé ta ló ní kí n yọ wọ́n. "Torí pé ti ìyàwó ni, kì í ṣe ẹtù mọ́ ni? Dá wọn padà sáàárín àwọn yòókù!"

Mo dúró, mò ń wo òwú pupa yẹn. Àbí ohun tí tíṣà ń sọ nìyí? Kò tíì dá mi lójú tán o.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ibi tó ti mọ́ wa lára jù la ti máa ń ṣìnà. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ̀kọ́ wo ló dojú rú mọ́ yín lójú rí? Ẹ sọ fún mi, kí n má dá nìkan wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó dé kíláàsì, mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo ya róbótó kékeré sínú ńlá tí tíṣà fi sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀, mo sì lọ jókòó sẹ́yìn.